Ọkọ̀ Tí Ìjọba Fi Sìmẹ́ńtì Dí

Ẹ̀wà tí kò ní ju iyọ̀ lọ ni Oníbúrẹ́dì ń sè láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé, tó ń pariwo bí ẹni tí ilé ń jó, "Wọ́n ti yọ̀ǹda ẹ̀! Wọ́n ti yọ̀ǹda ọkọ̀ wa!"

Ọkọ̀ ìpẹja onípákó ni Apẹja ń wí, èyí tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ní oṣù méje sẹ́yìn nítorí pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ti pa rẹ́. Kóòtù ti yanjú ìyẹn. Adájọ́ ní kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀, kí wọ́n dá ọkọ̀ padà fún àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹnu adájọ́ lọ́tọ̀, ọwọ́ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ọgbà tí ìjọba ń kó nǹkan oníǹkan sí, títí àwọn yẹn fi lẹ ìwé mọ́ géètì pé ohunkóhun tó bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọ́fíìsì bá ṣíwọ́ lónìí, gbàǹjo ni wọn yóò tà á. Bẹ́ẹ̀, ìdílé tí ń jẹun lórí omi ni wọ́n. Láti oṣù méje yìí, búrẹ́dì tí ìyàwó ń gbé kiri òpópónà ló ń bọ́ òun àti ọkọ, àbúrò ọkọ, ìyá ọkọ àti ọmọ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó tún rántí orúkọ tó ń jẹ́ kó tó di Oníbúrẹ́dì.

"Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká sìnkú ara wa," ni Ìyá Àgbà wí lórí àpótí tó jókòó sí, níbi tó ti ń tún àwọ̀n ẹlòmíì ṣe. Ìyá Apẹja ni. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ náà, Ìyá Àgbà ló sì ń fún un lówùú tí ó fi ń dí ojú pákó.

Oníbúrẹ́dì kò tíì rẹ́rìn-ín. Ó fi ṣíbí ro ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un rò.

"Ẹ fọwọ́ gbá a?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Kí ni?"

"Ọkọ̀ náà. Ẹ gbá a lára, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún?"

"Kí ni mo fẹ́ gbá a fún? Ó ń dán yinrin. Wọ́n ti kùn ún látòkè délẹ̀." Apẹja rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Ìjọba tí ò kun ilé ìwé ọmọ wa látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, òun ló wá kun ọkọ̀ apẹja lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ìwọ náà, bí wọ́n bá fún ọ lóyin, wàá ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi oyin léèrè."

"Oṣù méje lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bàbá ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ó mọ ohun tó ń wí. Ọkọ̀ onípákó kì í gbé orí ilẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń pa á, pákó á máa súnkì, ojú á là, òwú á bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń tukọ̀ ló sì mọ ìwòsàn rẹ̀: wọ́n á gbé e lọ sínú omi tí kò jìn, wọ́n á kó òkúta sínú rẹ̀, wọ́n á rì í fún bí ọjọ́ márùn-ún. Pákó á mu omi yó, á wú, ojú tó là á padà pa dé. Ọmọdé tó bá dàgbà létí omi mọ èyí, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ni kò mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ yìí gan-an ló sì gbé Apẹja dé ibi tó gbé e dé.

"Mo mọ̀ pé ó ti là," ó wí. "Ta ni ò mọ̀? A ó rì í. Ọjọ́ márùn-ún péré. Mo ti fọwọ́ sí ìwé wọn, ó di ọ̀sán kí ọ̀gá wọn tẹ òǹtẹ̀ sí i, ká lọ gbé e. Atawẹ́wẹ́ dà? Kó wá kó okùn."

Atawẹ́wẹ́ ni orúkọ tí Oníbúrẹ́dì sọ àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, nítorí pé ọmọ náà kéré lójú, ó sì ń ta. Ẹ̀yìnkùlé ló wà tó ń bọ́jú, ó sì ti gbọ́. Ó wọlé pẹ̀lú omi lágbọ̀n.

"Ẹ fọwọ́ sí kí ni, bọ̀dá mi?"

"Ìwé."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Pé a ti gba ọkọ̀. Kí ni ì bá tún wà nínú ẹ̀?"

"Ẹ kà á?"

Àti ìyàwó, àti ìyá, àti àbúrò, gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí ìwé bá ti gùn ju ọwọ́ lọ, Apẹja kì í kà á tán. Atawẹ́wẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi lójú.

"Bàbá wa fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ méjì. Ẹ wá dá lọ fọwọ́ sí i, bí ẹni tó ń ta ewúrẹ́ ara ẹ̀."

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó gbọ́n díẹ̀ jù yín lọ."

Apẹja gbá a létí. Kí ọwọ́ tó padà sẹ́yìn, Atawẹ́wẹ́ ti fi orí kàn án láyà, àwọn méjèèjì sì wó lé ìkòkò. Ẹ̀wà gbígbóná dà sílẹ̀, ó ta sí itan Apẹja, ó pariwo, ó sì di ọ̀fun àbúrò rẹ̀ mú. Atawẹ́wẹ́ fi ìkúùkù lù ú nímú, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀wà. Ìyá Àgbà ń kígbe orúkọ bàbá wọn. Oníbúrẹ́dì fa ọkọ rẹ̀ láṣọ, aṣọ ya. Àjẹ̀ ọkọ̀ kan wà tó fara ti ògiri láti oṣù méje. Apẹja nawọ́ mú un, kò wojú, kò wo ẹ̀yìn, ó jù ú, ọrùn ọwọ́ Atawẹ́wẹ́ ló sì bà. Wọ́n gbọ́ bí egungun ṣe dún.

"Ẹ ò rí ìjọba nà," Oníbúrẹ́dì wí, "lẹ wá ń na ara yín."

Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Oúnjẹ ilé ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ tí yóò fa okùn sì ti ṣẹ́.

Aránṣọ tó ń gbé lódìkejì ògiri ti gorí àpótí, orí rẹ̀ nìkan là ń rí. "Ẹ jọ̀ọ́," ó bèèrè, "ṣé ẹ ti rí ọkọ̀ gbà lẹ fi ń jà, àbí ẹ ò rí i gbà?" Nígbà tó wá rí ọwọ́ Atawẹ́wẹ́ tó rọ̀ dirodiro, ó fò sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó fi àjákù aṣọ so ó mọ́ ọn láyà, ó sì mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń to egungun. Ó ń lọ, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó pàdé pé ẹ̀gbọ́n ló ṣẹ́ àbúrò lọ́wọ́ nítorí ọkọ̀ tí wọn ò tíì fojú rí.

Ariwo yẹn ló gbé Bàbá Akọ̀wé dé. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ̀wé ní kóòtù kí ó tó fẹ̀yìn tì, orúnkún sì ń dà á láàmú. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, ó wo ẹ̀wà, ó wo ẹ̀jẹ̀, kò bi wọ́n léèrè. Ó na ọwọ́.

"Ẹ̀dà ìwé ọ̀hún dà?"

Apẹja yọ ọ́ lápò. Bàbá Akọ̀wé gbé dígí sójú, ó kà á délẹ̀, ó tún padà sí àárín.

"O mọ ohun tó o fọwọ́ sí?"

"Ẹ sọ fún mi, bàbá."

"Ó ní o ti gba ọkọ̀ ní pípé, láìsí àléébù kankan. Ó ní bó o bá tilẹ̀ wá rí àléébù lẹ́yìnwá, o ò ní í béèrè lọ́wọ́ ìjọba, o ò ní í béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀, ọmọ ẹ náà ò sì ní í béèrè."

Apẹja fi aṣọ tó ya nu imú. "Ṣé ọgbà wọn náà ò ti kọ ọ́ sára ògiri ni? Ìjọba kò ní í dáhùn fún ohun tó bá sọnù tàbí tó bá bàjẹ́. Gàdàgbà ló wà níbẹ̀."

"Bí mo bá kọ ọ́ sára ògiri ilé mi pé n ò san gbèsè mọ́, ṣé gbèsè ti tán nìyẹn?" Bàbá Akọ̀wé yọ dígí. "Ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó bá gba nǹkan oníǹkan sọ́wọ́, ọrùn ẹ̀ ni ìtọ́jú ẹ̀ wà, ìbáà jẹ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ ará ilé. Bó bá bà á jẹ́, yóò tún un ṣe tàbí kó san án. Òfin nìyẹn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ títí ìka mi fi wọ́. Àmọ́ ọjọ́ tó o bá fọwọ́ ara ẹ kọ ọ́ pé kò bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀?"

"Ó di ọ̀sán."

"Nígbà náà ìwé ò tíì jinná. Sáré lọ gbà á padà. Bí wọ́n tilẹ̀ tà á ní gbàǹjo, bó ò bá ṣáà ti fọwọ́ sí i, wọn ò lè bọ́ nínú ẹjọ́ ẹ."

"Ẹ bá wa lọ, bàbá," Oníbúrẹ́dì bẹ̀ ẹ́.

Bàbá Akọ̀wé ń ká ìwé náà, ó ká a kékeré, ó tún ká a. "Orúnkún mi," ó wí. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Owó ìfẹ̀yìntì mi ṣì ń jáde níbi tó ti ń jáde. Ẹ má dárúkọ mi o."

Ìyá Àgbà dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò ní ìdí aṣọ. "Ẹni tó bá rí nǹkan ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba, kó dúpẹ́, kó gbé e sáré. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí lẹ ó sọ wá dòfo. Ìyàwó, ìwọ lo ń tì í. Ẹnu ẹ ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Oníbúrẹ́dì gbé igbá búrẹ́dì rẹ̀ lérí, nítorí pé bí ọkọ̀ wá, bí ọkọ̀ ò wá, àwọn ọmọ ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó jáde, Apẹja àti Ìyá Àgbà sì tẹ̀ lé e.

*

Ẹni tó bá ní ìjọba kì í jalè, kó lọ wo ọgbà yẹn. Alùpùpù ló tò lé ara wọn bí igi ìdáná, koríko ti hù gba àárín táyà. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀ tí ìpẹtà ti jẹ lẹ́sẹ̀. Fíríjì ẹlẹ́ran kan ṣílẹ̀kùn gbayawu, adìẹ ẹ̀ṣọ́ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí ní ẹni tó ni wọ́n, ẹni tó ni wọ́n sì ní ọmọ. Ní ìkángun ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ṣùgbọ́n tí omi kò kàn án, ọkọ̀ wọn wà lórí bíríkì mẹ́rin, ó pupa, ó ń dán.

Apẹja fẹ́ lọ tààrà sí ọ́fíìsì. Oníbúrẹ́dì gbé igbá sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé búrẹ́dì, ó lọ síbi ọkọ̀, ó sì fi ẹnu ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà níbi tí pákó méjì ti pàdé. Pupa ṣí. Nǹkan aláwọ̀ eérú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ha á síwájú sí i, ó tẹ̀ ẹ́, ẹnu ọ̀bẹ kò wọlé. Ó fi ìdí ọ̀bẹ gbá a, ó dún bí ilẹ̀ ilé.

"Sìmẹ́ńtì," ó wí.

Apẹja wá, ó fọwọ́ kàn án. Ó tẹ̀ lé ojú pákó náà láti iwájú ọkọ̀ dé ìdí, ó yí lọ sí òdìkejì. Gbogbo rẹ̀ ni. Ó jókòó sórí bíríkì. Ohun tí ọkọ̀ tó là ń fẹ́ ni àyè tí pákó yóò wú sí. Bí wọ́n bá rì í báyìí, pákó yóò wú, sìmẹ́ńtì kò ní í yẹ̀ fún un, pákó á fọ́ lára sìmẹ́ńtì, ìṣó á fà tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá rì í, sìmẹ́ńtì á já sílẹ̀ nínú ìgbì àkọ́kọ́. Ọkọ̀ náà ti kú. Wọ́n kàn wọ aṣọ pupa fún un ni.

Ẹ̀ṣọ́ kan tó sanra sún mọ́ wọn, ó ń yọ̀. "Ẹ rí i? Èmi ni mo pò ó. Ọ̀gá ní adájọ́ fẹ́ rán èèyàn wá wò ó, pé ihò pọ̀ lára ẹ̀ jù. Àpò kan ààbọ̀ ló gbà. Sìmẹ́ńtì gidi o, kì í ṣe ti jíbìtì."

Ó ń retí kí wọ́n dúpẹ́. Ìyá Àgbà tẹ̀, ó mú èérún kan nílẹ̀ níbi tí ọ̀bẹ ti ha á sílẹ̀, ó fi ìka méjì lọ̀ ọ́, ó gbé e sójú, ó tún lọ̀ ọ́. Ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ láti ilé, tó ń bú ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Nínú ọ́fíìsì, omidan kan jókòó ti tábìlì tó ń kọ̀wé, ọ̀gá ọgbà sì dúró tì í, ó ń fi igi tayín. Ìwé tí Apẹja fọwọ́ sí wà níwájú rẹ̀. Òǹtẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́," Apẹja wí. "Sìmẹ́ńtì lẹ dà sínú ọkọ̀."

"Ta ló fọwọ́ síbí?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ẹnikẹ́ni dì ọ́ lọ́wọ́ mú?"

"Rárá, ọ̀gá. Mo rò pé..."

"Ó rò pé," ọ̀gá sọ fún omidan, ó sì gbé òǹtẹ̀.

Apẹja já ìwé náà gbà. Ó fà á ya sí méjì, sí mẹ́rin, ó yọ ẹ̀dà àpò rẹ̀, ó fà á ya mọ́ ọn, ó sì kì í bọnu, ó ń jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ ń yọ. Ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ tún ń ṣàn, ó ń jẹ ẹ́ mọ́ ìwé. Omidan fi ọwọ́ bo ẹnu. Oníbúrẹ́dì kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún. Ó pẹ́ tó ti rí ọkọ rẹ̀ tó ṣe ohun tó tọ́.

Ọ̀gá kò bínú. Èyí ló kọ́kọ́ ba Oníbúrẹ́dì lẹ́rù.

"Ó dáa," ọ̀gá wí. "O ò gba ọkọ̀. Ọwọ́ ìjọba ló ṣì wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni!" Apẹja gbé e mì. "Ọwọ́ yín ló wà! Ẹ̀yin lẹ ó tún un ṣe! Ẹ wá wo ohun tẹ́ ẹ ṣe, ẹ wá wò ó!"

Ó sáré jáde. Àáké tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń la igi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e. Oníbúrẹ́dì rí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ó kígbe pé kó sọ ọ́ sílẹ̀, ó sáré tẹ̀ lé e. Ó ti pẹ́ jù. Apẹja sọ àáké mọ́ ojú pákó, ó kàn fẹ́ yọ sìmẹ́ńtì fún ọ̀gá rí ni, sìmẹ́ńtì sì fò jáde bí eyín, ṣùgbọ́n pákó tó ti gbẹ là pẹ̀lú rẹ̀ dé ìwọ̀n ọwọ́ kan. Bó ṣe rí i tó là, nǹkan kan já nínú rẹ̀. Ó tún un sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń sunkún, ó ń pe bàbá rẹ̀, ó ń bú wọn, ó ń la iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń la ọ̀tá lórí.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ọ̀gá sọ fún omidan lẹ́nu ọ̀nà. "Kọ aago. Ó ń ba ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba jẹ́."

Oṣù méje ni oòrùn fi jẹ ọkọ̀ náà, kò sẹ́ni tó kọ aago sílẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ló dà bò ó. Kóńdó àkọ́kọ́ bà á lẹ́yìn ọrùn, àáké bọ́. Ìkejì bà á lẹ́nu. Ó ṣubú, wọ́n ń fi bàtà tẹ ọwọ́ rẹ̀, èyí tó sanra tó po sìmẹ́ńtì ló ń nà án jù, inú ń bí i pé wọ́n ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Oníbúrẹ́dì gbé igbá búrẹ́dì, ó là á mọ́ ọn lórí. Búrẹ́dì fọ́n ká ilẹ̀. Ọ̀kan gbá a lójú, ó ki orí mọ́lẹ̀, ó bu onítọ̀hún jẹ lápá, kò sì fi í sílẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi kún fún ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà. Ẹni yẹn fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a ní párì. Nígbà tó dìde, eyín kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti ń wọ́ ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣẹ́ kù sílẹ̀, láàárín búrẹ́dì.

Àwọn tó wá gba nǹkan wọn, tí wọ́n tò sẹ́nu géètì, wò, wọn kò mira. Obìnrin kan ń wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Èmi ti fọwọ́ sí tèmi. Èmi ò mọ nǹkan kan." Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, ó ṣa búrẹ́dì mẹ́ta, ó nù ún mọ́ aṣọ, ó kì í bọ àpò.

*

Ọ̀gá ní kí ìyá àti ìyàwó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó fún Oníbúrẹ́dì ní omi nínú ife. Ó pè é ní màdáámù.

"Mi ò fẹ́ wàhálà," ó wí. "Mo lè gbé e lọ kóòtù lọ́la. Ọkọ yín la ọkọ̀ ìjọba, èèyàn púpọ̀ rí i. Ẹ̀wọ̀n ni. Àmọ́ èmi náà bímọ."

Omidan ti ń kọ ìwé míì. Nígbà tó parí, ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ìwé náà ní ọkọ̀ pé, ó sì dára láìsí àbùkù ní gbogbo ìgbà tó wà lọ́wọ́ ìjọba, títí di wákàtí tí ẹni tó ni ín fi àáké là á. Ó ní ìyàwó rẹ̀ jẹ́rìí sí i.

"Ẹ tẹ̀ka síbẹ̀," ọ̀gá wí, "kí n ní kí wọ́n mú un jáde. Ẹ ó jọ lọ sílé. Ẹ ó gbé ọkọ̀ yín dání pàápàá."

"Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ó fi igi tayín kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

Kóńdó dún nínú yàrá náà, Apẹja sì ké. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló sọ. Oníbúrẹ́dì kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, láti ọjọ́ tó ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, kódà ní ọdún tí ìwọ̀ ẹja kọ́ ọ lójú. Ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Oníbúrẹ́dì mọ ohun tí ìka òun yóò ṣe. Bó bá tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó ba ọkọ̀ jẹ́ láyé yìí bí kò ṣe Apẹja. Ìyà oṣù méje, sìmẹ́ńtì, ọ̀dà pupa, gbogbo rẹ̀ á di ẹ̀bi rẹ̀ títí láé, láìsí ẹni tí wọ́n lè bi léèrè mọ́. Bó bá kọ̀, wọ́n á pa á síbẹ̀. Ọkọ̀ ò tó ẹ̀mí èèyàn. Ó ronú kan àwọn ọmọ tó ti dé láti ilé ìwé báyìí, tí wọ́n ń wo ẹ̀wà nílẹ̀.

"Ẹ gbé e wá," ó wí.

Omidan gbé tàdáwà wá, ó ṣí i. Kò wo Oníbúrẹ́dì lójú. Oníbúrẹ́dì ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, ó sì gbé e lọ sórí ìwé.

Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Oníbúrẹ́dì kọ́kọ́ rò pé ìyá fẹ́ bá òun tẹ̀ ẹ́ kó lè yá. Ọwọ́ arúgbó náà le, ọwọ́ tó ti fi okùn àwọ̀n ṣiṣẹ́ láti kékeré. Ó gbé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

"Ìyàwó, nu ọwọ́ ẹ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ń pa á."

"Nu ọwọ́ ẹ." Nígbà tí kò nù ún, ìyá fa etí aṣọ ara rẹ̀, ó nu ìka náà fúnra rẹ̀, ó fara balẹ̀ nù ún.

"Màmá," ọ̀gá wí, "ọmọ yín ni wọ́n ń nà níbẹ̀ yẹn o."

"Mo mọ ohùn ẹ̀. Èmi ni mo bí i." Ìyá Àgbà kò gbé ohùn sókè. "Bàbá ẹ̀ kan ọkọ̀ yẹn, mo jókòó tì í, mo ń fún un lówùú. Ẹ bà á jẹ́. Ẹ ní kí ọmọ ẹ̀ fọwọ́ sí i pé kò bàjẹ́, ó fà á ya, ẹ wá ní kí ìyàwó ẹ̀ sọ pé ọkọ òun ló bà á jẹ́. Kò ní í sọ ọ́."

"Ẹ̀wọ̀n ló ń lọ nìyẹn."

"Ẹ mú un lọ. Adájọ́ á bi í léèrè ohun tó ń fi àáké wá nínú ọkọ̀."

Ọ̀gá wo omidan. Omidan wo tàdáwà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á dé. Ọ̀gá dìde, ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tó sọ nǹkan kan fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ kọjá. Kóńdó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ení," ni Ìyá Àgbà wí.

Oníbúrẹ́dì wò ó.

"Èjì. A ó kà á. Ẹ̀ta. Kí wọ́n má baà wí lọ́la pé bí ara ẹ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí wọ́n gbà á. Ẹ̀rin."

Ó kà á sókè, ó dorí kodò, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Nígbà tó dé ẹ̀sán, ohùn rẹ̀ gé.

Oníbúrẹ́dì ló ka ẹ̀wá.